Ta Ló Kọ́ Ọkọ Àbúrò Mi Ní Ẹnà Wa?

Inú ń bí mi gan-an bí mo ṣe ń tẹ èyí lórí fóònù yìí!

Láti kékeré ni èmi àti àbúrò mi obìnrin ti hùmọ̀ ẹnà tiwa, torí nínú ọkọ̀ ojú omi tá a máa ń wọ̀ káàkiri, orúnkún kan orúnkún ni, kò síbi téèyàn ti lè sọ àṣírí. Yorùbá ń fi "ó" pe ọkùnrin, ó ń fi pe obìnrin. Àwa yà á sọ́tọ̀: "líì" fún obìnrin, "dọ́ọ̀" fún ọkùnrin. Nígbà tó yá, a fi "kìǹbó" kún un fún ẹni tí kì í ṣe tiwa.

Láàárọ̀ yìí, bá a ṣe ń wọ ọkọ̀ ojú omi bọ̀ láti Ode Mahin, mo fi ẹnà sọ fún un pé, "Kìǹbó ti tún dá jẹ gbogbo ẹja gbígbẹ tí mo fún ẹ."

Ọkọ ẹ̀ tó jókòó níwájú wa yíjú padà, ó fi ẹnà wa dá mi lóhùn geere: "Àǹtí, mi ò jẹ ẹ́ tán o, ó ku orí."

Mo kọjú sí àbúrò mi: "Ìwọ lo kọ́ ọ?"

"Àǹtí mi, ẹ má bínú, ọkọ mi mà ni."

Ọkọ ẹ! Ìyá tó bí àwa méjèèjì gan-an ò gbọ́ ẹnà yẹn títí dòní!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí i, ṣé mo bínú jù ni? Ní tèmi o, láti òní lọ, kìǹbó ti di méjì.