Àbẹ̀kẹ́ Ló Tẹ Ìdí-Ọlọ Dó, Kì í Ṣe Ọdẹ

Òórùn àdín ló dá mi dúró lọ́jọ́ Sátidé, níwájú ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan ní Rye Lane, nílùú òyìnbó níbí. Ìyá kan ń fi í ra orí ọmọ rẹ̀. Àdín gidi ni, èyí tó dúdú, tí èéfín ṣì wà lára rẹ̀. Kí bọ́ọ̀sì méjì tó kọjá, mi ò sí ní Peckham mọ́. Mo ti wà ní Ìdí-Ọlọ, abúlé wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ìyá bàbá mi.

Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi wọlé. Àfi bí Sìmbíátù, ọmọ mi, ṣe ní, "Daddy, tíṣà ní ká kọ nípa ibi tí family wa ti wá. I've found your village!" Ó gbé kọ̀ǹpútà síwájú mi. Ìlà mẹ́ta péré! Wọ́n ní abúlé kékeré ni, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, ọdẹ kan ló sì tẹ̀ ẹ́ dó.

Inú bí mi débi pé tíì mi tutù sọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, ṣé gbogbo ìlú Yorùbá ni ọdẹ tẹ̀ dó ni? Ìgbà wo ni wọ́n wá ń ráyè pa ẹran? Ilẹ̀ tẹ́jú! Òkè tó bó mi lórúnkún ńkọ́? Ìwé kẹrin ni mo kà dé, mo sì ń fi yangàn, torí kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó lè sọ ìtàn abúlé yẹn lójú mi.

Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Òkè àpáta wà níhà ìlà-oòrùn, ó rí bí ẹ̀yìn erin tó sùn. Abẹ́ rẹ̀ ni odò Ọ̀ṣọ̀rọ̀ ti ń jáde, ó máa ń tutù nini nínú ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá, igbó ọ̀pẹ sì tẹ̀ lé e títí dé ibi tí pèrègún tò sí ní ààlà. Ibẹ̀ ni Àbẹ̀kẹ́ sọ ẹrù kalẹ̀ sí, nígbà tó bínú kúrò nílé ọkọ, tòun ti ọmọ méjì àti ìkòkò kan. Orí àpáta ló ti ń pa ẹkùrọ́, òkúta ọwọ́ rẹ̀ sì gbẹ́ ihò síbẹ̀. Ọmọbìnrin tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ àdín, inú ihò yẹn ló ti gbọ́dọ̀ pa ẹkùrọ́ àkọ́kọ́, kó sì dárúkọ Àbẹ̀kẹ́ kó tó gbé òkúta sókè. Ọkùnrin ni mí, ṣùgbọ́n mo yọ́ pa tèmi, mo sì mọ̀ ọ́n pa ju gbogbo wọn lọ.

Sìmbíátù wò mí. "So ta ló sọ fún wọn pé ọdẹ ni?"

Mo jókòó tì í, mo sọ òótọ́ fún un.

Àwa náà ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, akọ̀wé ìjọba kan fẹ́ wá kọ ìtàn abúlé. Kó tó dé, baálẹ̀ kó wa jọ. "Ọdẹ ni kẹ́ ẹ wí o. Bá a bá ní obìnrin tó kọ ọkọ ni, àwọn ará ìlú kejì á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́." Gbogbo àgbà ní àwọ́n gbà. Àmọ́ bí akọ̀wé ṣe ń kọ ọ́, ìyá bàbá mi dìde, wọ́n ní irọ́ ni.

"Ẹ jókòó, ìyá. Ara yín ò yá," baálẹ̀ wí.

Ìyá nawọ́ sí mi. "Ẹ bi ọmọ yìí. Mo ti kọ́ ọ."

Baálẹ̀ tẹjú mọ́ mi, kò ṣẹ́jú. Mo ní, "Ọdẹ ni, bàbá."

Ìyá ò bá mi wí. Wọ́n padà sídìí ìkòkò, wọ́n ń ro àdín wọn. Ká ní wọ́n nà mí ni, ǹ bá ti gbàgbé.

Ẹ̀rọ ló ń pa ẹkùrọ́ báyìí. Ọ̀pọ̀ ilé ti wó, ìyá ti lọ, baálẹ̀ ti lọ. Àpáta ò ṣípò. Òjò á rọ̀ sínú ihò Àbẹ̀kẹ́, ẹyẹ á wá mu ún. Irọ́ tí mo pa fún akọ̀wé kan ṣoṣo náà ò kú, ó tọpasẹ̀ mi dé Peckham.

"Kọ ọ́ pé Àbẹ̀kẹ́ ni," mo wí.

"Tíṣà máa bèèrè ibi tí mo ti rí i o."

"Kọ orúkọ mi síbẹ̀."

"And the bit where you lied, Daddy? Ṣé kí n kọ ìyẹn náà?"

Èmi tí gbogbo mọ́ṣáláṣí mọ̀ pé n kì í gba àbùkù! Mo dìde, mo rìn dé ojú fèrèsé, mo padà.

"Ìyẹn ni kó o kọ́kọ́ kọ."