Ìbáwí Pẹ̀lẹ́ Tamar Airey

Nígbà tí onígbàgbọ́ bá fi ohùn jẹ́jẹ́ bá ẹnìkejì rẹ̀ wí, ta ló rán an? Ṣé Ọlọ́run ni, àbí etí tí ọ̀rọ̀ ti sú? Mo ti gbàdúrà sí i títí, n kò tíì rí èsì gbà.

Tamar Airey kì í jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Ìbáwí tirẹ̀ ni àwọn ará Dent, abúlé wa, ń pè ní chide: bí ìyá ṣe ń bá ọmọ tó da wàrà nù wí, tí yóò sì tún bu òmíràn fún un. Ìdí nìyẹn tí a fi fi í ṣe alàgbà nílé ìpàdé wa. Àwa ìjọ tí wọ́n ń pè ní Ọ̀rẹ́ kò ní oníwàásù; a ó jókòó jẹ́ẹ́, ẹni tí Ẹ̀mí bá ta jí ni yóò dìde sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ ẹnìkan bá wá gùn jù, alàgbà ni yóò lọ bá a.

Lọ́dún tí Peggy kú, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni ọkọ rẹ̀, Jonas Capstick tó ń da àgùntàn, ń dìde. Peggy ṣáá ni: bó ṣe ń súfèé pe ajá, bí òórùn ọṣẹ rẹ̀ ṣe ṣì wà lára ìrọ̀rí. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Wọ́n ní, “Tamar, bá wa bá a sọ ọ́.”

Ó bá a níbi tó ti ń to òkúta ògiri tó wó.

“Jonas, ọ̀rọ̀ rẹ dùn mọ́ wa. Àmọ́, ṣé kò tó báyìí? Fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún Ẹ̀mí.”

Jonas rẹ́rìn-ín. “Ìwọ tó máa ń hanrun bí mo bá ń sọ̀rọ̀! Ta ló jí ọ?”

“Má fi mí ṣẹ̀sín, àgbàyà yìí.”

“Ó dáa, Tamar. Mo ti gbọ́.”

Ó gbọ́ lóòótọ́. Kò dìde mọ́. Nígbà tó yá, ní ṣọ́ọ̀bù pàápàá, ìka ló fi ń tọ́ka sí tíì àti ṣúgà. Tamar ń retí pé yóò tún sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, orúnkún Jonas ló máa ń wò, bóyá yóò nà láti dìde.

Nígbà tí òtútù dá a dùbúlẹ̀, Tamar gbé ọbẹ̀ lọ fún un.

“Jonas, sọ nípa Peggy fún mi. N kò kánjú lọ sí ibì kankan.”

“Inú kò bí mi, Tamar. O fẹ̀sọ̀ sọ ọ́.” Ó kọjú sí ògiri. “Mo gbìyànjú láti máa sọ ọ́ nínú ọkàn mi. Kò dún.”

Ó kú kí yìnyín tó yọ́.

Níbi ìsìnkú rẹ̀, a jókòó, a dákẹ́ bí ìṣe wa. Ẹnikẹ́ni kò dìde. Mo ń sọ fún ara mi pé Ọlọ́run wà nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà. Mo fẹ́ gbà á gbọ́.

Bí a ṣe ń lọ sílé, Tamar di ọwọ́ mi mú.

“Alàgbà ni ìwọ náà. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, mo fẹ́ dìde sọ̀rọ̀ nípa Jonas. Ó lè gùn o. Bí wọ́n bá rán ọ sí mi, jọ̀wọ́, má wá.”