Síìmù Tí Ṣùkúrátù Kò Gé

Bí ẹ bá sọ fún Ṣùkúrátù pé síìmù yín kò wọ fóònù, kò ní wo fóònù náà rárá. Síìmù ni yóò gbà, yóò gbé e lé orí àtàǹpàkò rẹ̀, yóò sì sọ irú rẹ̀ fún yín lójú ẹsẹ̀: ńlá, àárín, tàbí kékeré. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti fi jókòó sábẹ́ agboòrùn kan lẹ́bàá afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Kétu, kò sì ba síìmù ẹnikẹ́ni jẹ́ rí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ bi í o, ẹ ò bi í o.

Irinṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀. Irin ìgésíìmù kan wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀ka kan wà, agolo mílíìkì kan sì wà tó kún fún fírémù, ìyẹn ike pẹlẹbẹ tó máa ń ṣẹ́kù bí wọ́n bá yọ síìmù kékeré kúrò lára ike rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń dà á sí gọ́tà. Ṣùkúrátù ń ṣà á jọ ní tiẹ̀, torí ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹni tó ní síìmù kékeré yóò fẹ́ fi í sínú fóònù tó ń gba ńlá, fírémù yẹn ni yóò sì gbà á sílẹ̀.

Àwọn arìnrìn-àjò pàápàá ń yà lọ́dọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó lọ. "London? Ẹ kàn máa ra síìmù bí ẹni ra búrẹ́dì ni, wọn ò ní bi yín lórúkọ. Ghana, ẹ mú páásípọ́ọ̀tù dání. Algeria, láìsí páásípọ́ọ̀tù, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Nàìjá tiwa ńbí, NIN dà?" Bẹ́ẹ̀ ló ń wí, òun tí kò kọjá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè kan, Bàbá Mutolib tó ń ta irin ọkọ̀ ní Owódé Onírin mú fóònù méjì wá. Ọ̀kan jẹ́ tuntun, Àrìnkẹ́ ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ní Magodo ló rà á fún un. Èkejì ti gbó, ó sì fi rọ́bà dè é.

"Aunty, bá mi gé síìmù inú èyí kó wọ tuntun."

Ṣùkúrátù yọ ọ́ wò. Síìmù àtijọ́ ni, wúrà ojú rẹ̀ fẹ̀ gbàgàdà. "Bàbá, èyí ò ṣe é gé bẹ́ẹ̀, irin lè gé wúrà ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe welcome back, wọ́n á fún yín ní tuntun lórí nọ́ńbà kan náà. Orúkọ ta ló wà lórí ẹ̀?"

Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀. Irin tó ti ń gbé láti ogójì ọdún ti họ gbogbo ìlà ìka rẹ̀ dànù. Nígbà tí ìjọba ní kí wọ́n forúkọ línì sílẹ̀, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni ẹ̀rọ kọ̀. Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ló bá ní kó sún, ó tẹ ìka tirẹ̀. Ó ti pé ọdún méjì tí ìyàwó náà kú, kò sì sí ìka tí wọ́n lè fi ṣe welcome back mọ́.

"Ká gé e náà ni," Bàbá sọ. "Àmọ́ jọ̀ọ́, má bà á jẹ́. Òun nìkan ni Wàsíù mọ̀ sórí."

Wàsíù ni ọmọkùnrin rẹ̀ tó gba aṣálẹ̀ lọ sí Algeria lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn.

"Ṣé mo ba síìmù jẹ́ rí ni?" Ṣùkúrátù ti ti síìmù bọ ẹnu irin, ó ti gbé ọwọ́ lé e, kó tó rántí òfin ara rẹ̀: kì í gé síìmù àgbàlagbà láì kọ orúkọ inú rẹ̀ sílẹ̀. A kì í kánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ó dá síìmù padà sínú fóònù gbígbó, ó ń wá orúkọ kiri, ló bá kan àwọn ìpè tí Bàbá kò gbé. Nọ́ńbà òkè òkun ni wọ́n, 213 ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn. Nọ́ńbà wọn kò dọ́gba, ṣùgbọ́n ọjọ́ Jímọ̀ ni gbogbo wọn, láàárín aago méjì sí mẹ́ta.

"Bàbá, ta nìwọ̀nyí?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Àwọn gbájúẹ̀ ni! Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa l'Ówódé, pé téèyàn bá gbé e, owó báńkì ẹ̀ lọ nìyẹn. Mo máa ń já wọn lulẹ̀ ni. Nọ́ńbà Wàsíù wà lọ́wọ́ mi, èmi ò lè ṣì í mọ̀."

Ṣùkúrátù gbé irin kalẹ̀.

"Bàbá, Algeria ni 213. Ẹni tí ò ní páásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ ò lè ra línì níbẹ̀. Fóònù ẹlòmíì ló máa yá. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà ò fi dọ́gba. Gbájúẹ̀ wo ló ń dúró de ẹ̀yìn ìrun Jímọ̀ kó tó pè?"

Bàbá jókòó sílẹ̀ gbì. "Ọmọ mi ni mo ń já lulẹ̀," ló ń wí, ó ń tún un wí. Wọ́n pe àwọn nọ́ńbà náà padà. Ẹnì kan sọ Lárúbáwá sí wọn, àwọn yòókù kò wọlé.

Ṣùkúrátù kò gé síìmù náà mọ́. Ó fi ọṣẹ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ọwọ́ Bàbá, ó nù ún gbẹ, ó ń tẹ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹ̀rọ fi gba ọmọńdinrín òsì. Línì tuntun wọ fóònù tuntun. Ti ìyàwó wà níbi tó wà, nínú fóònù onírọ́bà. Ṣùkúrátù kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni bó ṣe kù díẹ̀ kó tẹ irin yẹn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Bàbá gba mọ́ṣáláṣí Ìkòsí wá tààrà, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì Ṣùkúrátù. Aago méjì kọjá ogójì ìṣẹ́jú, fóònù onírọ́bà dún. 213. Ìka Bàbá ti ń lọ síbi pupa bó ṣe máa ń lọ, Ṣùkúrátù sì di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Bàbá wá tẹ ibi àwọ̀ ewé.

"Bàbá! Ẹ gbé e! Ẹ̀yin lẹ gbé e lóòótọ́?" Ohùn náà ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Màámi ńkọ́? Ẹ gbé e fún Màámi."

Ṣùkúrátù tẹjú mọ́ agolo fírémù rẹ̀, ó ń tú u, bẹ́ẹ̀ kò wá nǹkan kan níbẹ̀.

"Wàsíù," Bàbá sọ, "ìka ìyá ẹ ló di línì yìí mú dè ẹ́ títí dòní. Jókòó, ọmọ mi. Jókòó kí n tó sọ̀rọ̀."