Ibi Tí Ìṣẹ́jú Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n Ń Wọlẹ̀ Sí

Mo rántí òórùn póliṣì bàtà ní ìdájí, bó ṣe máa ń pàdé òórùn ògì gbígbóná àti ti ọṣẹ ìwẹ̀ nínú yàrá wa kan ṣoṣo, tí mo fi máa ń mọ̀ pé ìjà òwúrọ̀ ti dé. Á tó ọdún mẹ́wàá báyìí. Àgége la wà, bí mo ṣe wà níbẹ̀ títí dòní, nínú ilé gígùn kan tó ní yàrá mẹ́sàn-án, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan là á já láti ẹ̀yìn títí dé géètì iwájú. Yàrá tiwa ló wà lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Àgídìngbì tí wọ́n ti ń di oògùn sínú páálí. Aago mẹ́fà kò gbọdọ̀ bá a níta, nítorí náà òkùnkùn ló ń bá a jáde. Ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà lọ sókè Ọya. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì ni wọ́n wá fi ọmọ méjì sílẹ̀ fún láràárọ̀: ọmọbìnrin ọmọ ọdún mọ́kànlá, àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tó lè sùn lórí ìdúró bí ẹṣin.

Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ bisikíìtì ní Ìkẹjà, mi ò sì pẹ́ rí. Aago tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ ìdágbére kì í kúrò lọ́wọ́ mi, débi pé Bàbá Aláago ni àwọn ará ilé sọ mí. Mo ní ẹni tó ti darí ẹ̀rọ tó ń pọ bisikíìtì jáde bí òjò, ṣé ọmọ méjì ló fẹ́ bá a fà á? Àṣé ẹ̀rọ kì í béèrè pé ta ló gbé ìbọ̀sẹ̀ òun. Ẹ̀rọ kì í wọ ilé ìwẹ̀ kó máa wo aláǹtakùn. Mo wá to iṣẹ́ náà bí a ṣe ń tò ó nílé-iṣẹ́. Aṣọ àti báàgì ti wà nílẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá ti kírun àsùbáà tán, ọkùnrin á kọ́kọ́ wẹ̀, torí òun ló ń falẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n bá ń wẹ̀, àbúrò á máa mu ògì. Mo kọ ìṣẹ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan sára páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Kò pẹ́, aago mẹ́fà ààbọ̀ géérégé ni wọ́n ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Màá ti ilẹ̀kùn, màá po tíì, màá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, màá yin ara mi. Kí n má purọ́, nígbà mìíràn oorun á tún gbé mi lọ.

Ọmọbìnrin yìí ni wọ́n fi ṣe alágogo ilé-ìwé wọn. Ẹni tó bá mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ lójú ọmọ ọdún mọ́kànlá á mọ̀ pé oyè ni. Òun ló ń lu agogo àdúrà òwúrọ̀ ní aago méje, òun ló ń lù ú fún oúnjẹ, òun ló ń lù ú fún ìlọsílé. Lọ́jọ́ tí wọ́n yàn án, kò jẹun alẹ́; ṣíbí ló ń lù mọ́ abọ́ títí àbúrò rẹ̀ fi bú sẹ́kún. Ẹ wá wo bí ẹnu ṣe yà mí tó nígbà tó gbé lẹ́tà ọ̀gá ilé-ìwé wálé. Wọ́n ní alágogo ti pẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń dé, ọmọ mìíràn ló ń bá a lù ú. Bó bá tún pẹ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á gba agogo náà fún ẹlòmíràn pátápátá.

Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìrìn ogún ìṣẹ́jú ni ilé-ìwé sí ilé wa. Ẹni tó jáde ní mẹ́fà ààbọ̀, báwo ló ṣe ń dé ibẹ̀ ní méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ń sọnù láàárín ilé mi sí ilé-ìwé, mi ò sì mọ ihò tó ń wọ̀. Mo pè wọ́n.

“Ibo lẹ máa ń yà sí?”

“A kì í yà síbì kankan, Bàbá.”

“Ṣé màlúù tí wọ́n ń dà lọ pa ní Oko Ọba lẹ ń dúró wò?”

Ọmọkùnrin wò mí tàánútàánú, bí ẹni tó ń fọ̀nà han àlejò. “Màlúù ò fẹsẹ̀ rìn kọjá lọ́dọ̀ wa mọ́, Bàbá. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ń kó wọn sí.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kàn ń fi àtàǹpàkò ra etí lẹ́tà náà títí ó fi rún.

Ojú mi kò rí oorun dáadáa, kì í ṣe ti ìbínú, bí kò ṣe pé mo fẹ́ mọ̀. Bó ṣe di ọjọ́ kejì, mo tètè jí wọn, mo sì lé wọn jáde ní mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú. Bí ilẹ̀kùn ṣe padé, mo yọ́ gba ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀ bọ́ sójú pópó, mo lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ kan tí kò ní táyà, níwájú ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin tó ń lẹ táyà ní kọ̀rọ̀ àdúgbò wa. Mo fẹ́ kí wọ́n kọjá kí n máa tẹ̀ lé wọn. Ọkùnrin náà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

“Bàbá Aláago, ta lẹ ń ṣọ́?”

“Àwọn ọmọ ọmọ mi ni.”

“Wọn ò tíì jáde.”

“Wọ́n ti jáde!”

“Láti ibo, sà? Láti inú oyún?”

Mo tún tẹjú mọ́ ojú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n nígbà tí aago mi di mẹ́fà kọjá ogójì, tí mi ò rí irun orí wọn, mo gba géètì iwájú wọlé. Níbẹ̀ ni mo ti bá wọn. Wọn ò tíì kúrò nílé rárá. Ẹ̀gbọ́n wà lórí eékún, àbúrò sì dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn, níwájú yàrá tó kángun sí géètì, yàrá ìyá àgbà kan ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó jù mí lọ dáadáa. Ìyá gbé ọwọ́ lé ọmọbìnrin lórí, ó di ojú, ó ń kì í lọ: “Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ osùn, ọmọ a-jí-fẹ̀rín-kí-baba...” Kò kánjú rárá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ bọ̀ sọ́dọ̀ baba baba rẹ̀ ni.

“Màmá, ẹ dákun, agogo!” Bí mo ṣe kígbe nìyẹn, mo fa ọmọ méjèèjì lọ́wọ́ dìde, mo sáré jù wọ́n sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ ni mo tó bojú wẹ̀yìn. Ọwọ́ ìyá àgbà ṣì wà lókè, níbi tí orí ọmọ náà ti kúrò.

Ní ọ̀sán, alágogo dé. Ó ní òun bá aago méje, pé báàgì ṣì wà lẹ́yìn òun nígbà tí òun lù ú. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ fún mi.

“Bàbá, ibo là ń yà sí lẹ bi wá. Ẹ ò bi wá pé ṣé à ń kí èèyàn.” Ó bọ́ báàgì sílẹ̀. “Ẹ̀yin náà lẹ sì ní ilẹ̀kùn kan ò gbọdọ̀ ṣẹ́ kù.”

Òótọ́ ni. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kó dé ọ̀dọ̀ mi, aládùúgbò kan ní àwọn ọmọ Bàbá Aláago ń kọjá bí ewúrẹ́. Ojú tì mí. Mo ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, mo sì pa á láṣẹ pé kí wọ́n máa kan ilẹ̀kùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kí wọ́n tó jáde. Wọ́n ń ṣe é. Télọ̀ inú ilé wa tó rán aṣọ ilé-ìwé wọn á ní kí wọ́n gbápá sókè kí òun wo ojú rírán tí òun rán lábíyá. Ìyàwó tó wà níwájú rẹ̀ á béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá wọn. Lọ́jọ́ tí ara ìyá àgbà bá yá, á kì wọ́n tán, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo wọn ìwẹ̀, mo wọn ògì, mo wọn okùn bàtà, ṣùgbọ́n ìkíni kò sí lára páálí mi, torí kò jọ iṣẹ́ lójú mi. Bí èémí ló rí, ta ní ń wọn èémí? Ẹ̀rọ tí mo ń wá àléébù rẹ̀ kiri, èmi ni mo tò ó.

Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Mo lọ bẹ ìyá àgbà nírọ̀lẹ́. Kò ní kí n jókòó.

“Ẹ já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi, Bàbá Aláago. Láti àárọ̀ ni èyí tó kù ti ń yí nínú mi bí àgbàdo tí kò jinná.”

“Ẹ má bínú, Màmá. Agogo ni.”

“Agogo wo?”

Mo pe ọmọ náà wá. Ó kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé. Ìyá àgbà na ọrùn sí i.

“Bí o ò bá lù ú ńkọ́?”

“Ẹnikẹ́ni ò ní wọ kíláàsì, Màmá.”

“Àní tíṣà?”

“Àní ọ̀gá pàápàá.”

Ìyá pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Àbẹ̀kẹ́ mi ló ń da tíṣà wọlé bí adìyẹ, èmi ni mo wá ń dá a dúró! Kí wọ́n gba agogo lọ́wọ́ rẹ̀? Lójú mi?” Ó yíjú sí mi. “Ẹ fi aago yín sápò. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́.”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí mo ṣílẹ̀kùn ní mẹ́fà ààbọ̀, gbogbo ilé ló wà ní géètì. Télọ̀ ti so téèpù mọ́rùn, àwọn ìyàwó sán aṣọ mọ́yà, wọ́n ń yán. Àwọn ọmọ kí wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo wọn sì dáhùn pa pọ̀ bí ìgbà tí àlùfáà bá ṣàdúrà tán. Ìyá àgbà jókòó sórí àpótí níta. “Ẹ máa lọ,” ó ní, “mò ń bọ̀ lẹ́yìn yín,” ó sì ju ohùn rẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Àdéhùn ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ dé kọ̀rọ̀ ọkùnrin tó ń lẹ táyà kó tó kan baba baba wọn. Èyí tí wọn ò bá gbọ́, wọ́n á wá gbọ́ ọ nírọ̀lẹ́. Mo rí ọmọkùnrin tó ń sùn lórí ìdúró, bí orí rẹ̀ ṣe wú, tó na àyà, tó ń rìn kánkán. Oríkì tó ń so ẹsẹ̀ wọn mọ́lẹ̀ ló wá ń lé wọn lọ. Mo já páálí kúrò lára ògiri, a fi dáná.

Wọn ò gba agogo náà. Lọ́jọ́ ìpín-ẹ̀bùn, ìyá àgbà bá wa lọ, ó sì ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbọ́ ọ. Àbẹ̀kẹ́ lù ú tagbáratagbára. Ìyá tẹ́tí, ó yínmú. “Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyẹn? Ohùn mi jù ú lọ.”

Ọlọ́run ti pe ìyá àgbà báyìí. Alágogo wà ní yunifásítì; bó bá ní ìdánwò, á pè mí lórí fóònù láàárọ̀: “Bàbá, ẹ kì mí díẹ̀, mo fẹ́ jáde.” Ohùn mi kò dùn, ìlàjì oríkì náà ni mo sì mọ̀. Mo ṣì ń gbé ilé yẹn, mo máa ń jókòó lẹ́nu géètì ní òwúrọ̀. Àwọn ọmọ tuntun inú ilé kì í pẹ́. “Ẹ káàárọ̀ sà,” wọ́n ti lọ kí n tó la ẹnu. Mo máa ń ronú ohun tí wọ́n ń fi ìṣẹ́jú tó ṣẹ́ kù ṣe. Lánàá, mo dá ọ̀kan dúró, ọmọ bí ọdún mẹ́wàá, mo ní kí ni oríkì rẹ̀. Ó wo aago ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, ó ní òun ò mọ̀, òun á bi ìyá òun.

Ní òwúrọ̀ yìí, mo ti gbé àpótí ìyá àgbà síta kí wọ́n tó jí.