Wọ́n Ní Orí Ìyá Àgbà Ẹ Dàrú

Bí mo ṣe sọ ọ́ ni kó o kọ ọ́, má tún un ṣe. Wọ́n ní orí ìyá àgbà ẹ dàrú. Èmi bàbá àgbà ẹ ní irọ́ ni.

Àlùbọ́sà ló ń tà lọ́jà Máìlì Túẹ́lúfù, l'Ékòó. Lọ́dún kan, kò sùn mọ́. Á gbálẹ̀ tán, á tún un gbá. Ó ń jẹun bíi lébìrà, síbẹ̀ ó ń rù. Ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní àwọn tá a jọ ń gbélé ń fi nǹkan sínú omi òun. Lọ́jọ́ kan, ó ní èmi náà wà nínú wọn. Ìyẹn dùn mí.

Àbúrò ẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá ẹ̀, wá láti Ìsẹ́yìn. Ó ní ibì kan wà tí wọ́n ti ń so irú ẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n á fi pàṣán lé àlùjànnú jáde.

"Ọmọ wa ni. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ."

Mo ní, "Ọmọ yín ni, àna mi. Ìyàwó mi ni. Ẹni tó bá máa so ó, kó kọ́kọ́ so èmi."

Ó ní wèrè náà ti ràn mí nìyẹn. Àwọn ará ilé rẹ́rìn-ín. Ó ní tó bá di ọjọ́ keje, òun á gbé mọ́tò dé.

Ilẹ̀ mọ́, mo mú ìyàwó mi lọ sí ọsibítù kan ní Gbàgádà. Dókítà náà, obìnrin ni, kò ju màmá ẹ lọ lọ́jọ́ orí. Ó ní kí ìyá àgbà ẹ tú ìborùn ọrùn ẹ̀. Mùsùlùmí ni wá. Látìgbà tó ti Mẹ́kà dé, kò tú u lójú ẹnikẹ́ni. Àwọn alùfáà tó wá ṣàdúà fún un, orí ìborùn ni wọ́n ń tu itọ́ àdúà sí. Èmi gan-an, yàrá wa ti di ọ̀tọ̀ tipẹ́.

Dókítà ní kí n fọwọ́ kan ibẹ̀. Ó wú. Ó ní gẹ̀gẹ̀ ni, pé nǹkan kan wà lọ́rùn èèyàn tó ń bá ara ṣiṣẹ́, pé tiẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ jù. Ìyẹn ló lé oorun lọ, tí ọkàn ẹ̀ ń sáré, tó ń fura sí gbogbo ayé. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà jẹ́rìí. Ó fún un lóògùn, ó ní oògùn náà kì í tètè ṣiṣẹ́.

Lóòótọ́, nígbà tí ọjọ́ keje pé, tí mọ́tò dé, kò tíì san. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo na ìwé dókítà sí àna mi, ó ní ìwé kì í wo wèrè.

Ìyá àgbà ẹ jáde, ó tú ìborùn fúnra ẹ̀. "Wò ó. Àbí ojú ń tì ẹ́?"

Àna mi fọwọ́ kan ibi tó wú. Ó ní kí dírẹ́bà máa lọ.

Ó ṣe oṣù mélòó kan kó tó sùn dáadáa. Wọ́n ṣì ń pè é ní wèrè lẹ́yìn mi. Kí wọ́n wá pè é bẹ́ẹ̀ lójú mi.