Bí A Ṣe Ta Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Bàbá Àgbà ní Ìjerò

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá bàbá mi fi owó kòkó kọ́ sí Ìjerò ní yàrá mẹ́rìnlá, ìdílé mẹ́fà ló sì ń gbé inú rẹ̀. Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹnì kan péré ló jẹ́ tiwa: Yèyé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó padà sí yàrá kan nísàlẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. Ayálégbé ni àwọn yòókù: tíṣà méjì pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ wọn lókè, nọ́ọ̀sì kan, télọ̀ kan, àti ìyá elépo tó gba yàrá méjì tó kọjú sí títì, tó ti ń ta epo pupa níbẹ̀ kí n tó parí ilé ìwé.

Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni a wà nígbà náà. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́ rí, tó bá délé, á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun àti gómìnà ni wọ́n jọ jẹun àárọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni àbúrò bàbá mi ọkùnrin. Akọ̀wé ló ṣe ní sẹkitéríàtì. Fáìlì ló ń gbé láti orí tábìlì kan dé orí òmíràn fún ọdún gbọọrọ, ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ̀yìn tì tó wálé, a fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé òun ló tẹ ìlú Àkúrẹ́ dó. Dádì Àkúrẹ́ ni àwa ọmọ ẹbí ń pè é. Bàbá mi ti kú, nítorí náà òun ni olórí ẹbí. Yèyé dàgbà jù ú lọ, ṣùgbọ́n wọn kì í fi obìnrin jẹ olórí ẹbí nílé wa. Wọ́n kàn máa ń bi í léèrè ohun tí olórí ẹbí kò bá mọ̀.

Nígbà tó yá, katakata dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ títì tó gba iwájú ilé náà kọjá. Bánkì kan sì wá háyà ilé nítòsí ọjà. Kò pẹ́ sí i ni Dádì Àkúrẹ́ pe ìpàdé ẹbí.

Ó ní, “Ilẹ̀ tí ilé yìí dúró lé níye lórí ju ilé náà lọ. Ẹni tó bá rà á, á wó o, á kọ́ alájà mẹ́ta síbẹ̀, á fi ìsàlẹ̀ ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ìdàgbàsókè ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.”

Yèyé bi í pé, “Tí wọ́n bá wó o, níbo ni èmi ó máa sùn?”

Ó ní, “Ìyẹn kò sí nínú àjẹ́ńdà òní.”

Nítorí pé tíṣà ni mí, èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìwé ìpolówó. Mo kọ ọ́. Mo kọ pé ẹ̀rọ omi wà nítòsí. Òótọ́ ni, ẹ̀rọ wà. Omi ni kò sí nínú rẹ̀. Mo kọ pé ọmọlúàbí tó ń san owó déédéé ni àwọn ayálégbé, n kò sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé a kò tíì sọ fún wọn pé a fẹ́ ta ilé mọ́ wọn lórí. Nígbà tí mo kà á sétí ẹbí, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, inú mi sì dùn. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí mo ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Dádì Àkúrẹ́ wá alágbàtà kan láti Àrámọ̀kọ. Ó wọ bàtà funfun lójú ẹrẹ̀. Ó fi tépù wọn ilé náà láti iwájú, ó tún wọ̀n ọ́n láti ẹ̀yìn. Iye méjèèjì kò bára mu, ó sì kọ èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀. Ó ní kí a kun ilé náà lọ́dà. Dádì Àkúrẹ́ ra ọ̀dà tó tó iwájú nìkan. Ẹni tó bá ń gba títì kọjá á rí ilé funfun. Ẹni tó bá gba ẹ̀yìnkùlé wá á rí ilé tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Dádì Àkúrẹ́ wá bá ìyá elépo lẹ́nu iṣẹ́. “Ẹ bá wa gbé àwọn àgbá yín lọ sẹ́yìn. Ẹ̀yin náà, ẹ máa dúró sẹ́yìn fúngbà díẹ̀. Àwọn èèyàn ńlá ń bọ̀ wá wo ilé, a ò fẹ́ kí epo ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí.”

“Ó dáa, sà,” ni obìnrin náà wí. Ó ń yí àgbá lọ sẹ́yìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kò sẹ́ni tó rántí sọ fún Yèyé pé kí ó dúró sẹ́yìn. Nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ dé, kọngílá kan láti Àkúrẹ́, ẹnu ọ̀nà ni Yèyé jókòó sí tó ń bó ẹ̀gúsí.

Alágbàtà ní, “Ilé yìí kì í jò.”

Yèyé ní, “Kì í jò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.”

“Ṣáláńgá rẹ̀ ṣì tuntun.”

“Ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ ẹ, mo ti bí ọmọ mẹ́ta.”

Kọngílá náà rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Yèyé, ó sì lọ. Ọkùnrin kejì ti Ẹ̀fọ̀n wá. Hòtẹ́ẹ̀lì ló fẹ́ kọ́. Ó ti ń bá wọn dúnàádúrà lẹ́yìnkùlé kí ó tó rí ibi kan tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó bèèrè ohun tó jẹ́. Alágbàtà dá a lóhùn pé ibi tí wọ́n fẹ́ gbin òdòdó sí ni.

“Bàbá mi ni,” ni Yèyé wí. “Kò tíì di òdòdó.”

Ọkùnrin náà kò dúró mu omi tí wọ́n gbé fún un.

Inú bí Dádì Àkúrẹ́. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń ba ọjà wa jẹ́.”

“Ulé bàbá mi ni,” ni Yèyé fèsì. “Mo mọ ibi tó ti ń jò.”

Òjò bẹ̀rẹ̀, ó sì fọ ọ̀dà náà lára ògiri. Alágbàtà kò wá mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí a ń wá ẹni tí a ó di ẹ̀bi rù, ìyá elépo wọlé, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó sì bèèrè iye tí a fẹ́ ta ilé náà.

Dádì Àkúrẹ́ ní, “Èyí kò kàn yín. Ẹni tó bá rà á ló máa bá yín sọ̀rọ̀.”

“Èmi ni mo fẹ́ rà á, sà.”

Dádì Àkúrẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́, ó sì pe iye kan. Obìnrin náà wò ó.

“Iye tí ẹ pè fún ọkùnrin Ẹ̀fọ̀n kọ́ nìyẹn, sà. Ẹ̀yìn lẹ ní kí n dúró sí. Ẹ̀yìn náà lẹ ti pe iye.”

Iye tí a pè fún ọkùnrin Ẹ̀fọ̀n ni ìyá elépo rà á. Níwájú lọ́yà, mo ti ṣí páàdì íńkì sílẹ̀ kí ó lè tẹ̀ka. Ó rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó mú bírò, ó sì fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú lẹ́tà tó dára ju tèmi tíṣà lọ. Ìwé mẹ́fà ló kà. Láti ìgbà tó ti ń gbé lọ́dọ̀ wa, kò sẹ́ni tó bi í rí.

Ìtìjú yẹn kò jẹ́ kí n yà síbẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Dádì Àkúrẹ́ mú ìpín tirẹ̀ lọ bẹ̀rẹ̀ ilé ní Àkúrẹ́, ilé náà dé ojú fèrèsé, ó sì dúró síbẹ̀. Èmi fi tèmi ra tẹlifíṣọ̀n ní àdúgbò tí iná kì í sábà wá. Ìyá elépo kò wó nǹkan kan. Ó pààrọ̀ páànù, ó gbẹ́ ṣáláńgá mìíràn, ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin sójú títì, ó sì ní kí Yèyé máa gbé yàrá rẹ̀ lọ láìsan kọ́bọ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo ra búrẹ́dì, mo lọ kí Yèyé. Mo fẹ́ jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú ilé, ni ó bá fi ọwọ́ dá mi dúró.

“Lánlọ́ọ̀dù wa wà nínú ilé,” ni ó wí. “Lọ kí i kí o tó jókòó.”

Mo wọlé, mo kúnlẹ̀ kí i. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun.