Ẹni Tó Di Etí Aṣọ Kejì Mú

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Ìyá Gúnrégé ti ń fọṣọ ní yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn. Kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀ nìyẹn. Bó ṣe ń ká aṣọ ibùsùn ni wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí etí aṣọ kì í yẹ̀ lórí etí aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ orúnkún kì í ṣe irin. Láti ọdún tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni orúnkún méjèèjì ti ń ké, kò sì yé e bí ìbànújẹ́ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ dé ibẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá yàrá ìfọṣọ fẹ̀yìn tì, àga tí ọ̀gá máa ń jókòó lé ni Ìyá Gúnrégé ń rò, kì í ṣe ipò. Bí kò bá rí àga yẹn, kò ní lè dúró lẹ́nu iṣẹ́ ju ọdún yìí lọ.

Ẹni méjì péré ni wọ́n pè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹnì kejì ni Ẹlẹ́rìn-ín.

Ha, Ẹlẹ́rìn-ín! Ìyá Gúnrégé ló kọ́ ọ níṣẹ́, láti orí bí wọ́n ṣe ń di etí aṣọ mú. Ọmọ àná. Ọmọ tí ẹsẹ̀ kì í ro, tó tún ní ọkọ tó ń bá a gbé báàgì dé ẹnu géètì láràárọ̀ bí ẹni ń sin ọmọ lọ síléèwé. Báàgì yẹn ni kì í jẹ́ kí Ìyá Gúnrégé dá wọn lóhùn dáadáa bí wọ́n bá kí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọmọbìnrin rẹ̀ pè é lórí fóònù.

"Màámi, ṣé àyà yín ò já?"

"Ó ti já tipẹ́. Mo ti ṣà á sínú báàgì."

"Ẹ rọra mí sínú, ẹ kà dé mẹ́rin kí ẹ tó mí síta. Bí wọ́n bá bi yín ní nǹkan, ẹ má kánjú dáhùn. Ẹ má sì wo ẹnì kejì o!"

"Ta ló fẹ́ wò ó?"

Àmọ́ ojú ò gbọ́ràn. Lórí bẹ́ǹṣì tí àwọn méjèèjì jókòó lé lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó kà dé mẹ́rin, ó wò ó; ó tún kà dé mẹ́rin, ó tún wò ó. Ẹlẹ́rìn-ín gbé ọwọ́ lé itan, ó tutù bí omi àfòwúrọ̀pọn.

"Ẹ̀gbọ́n, aṣọ yín mà dáa o."

"Ó ti gbó."

"Ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ẹ̀rù wo ló máa bà mí níbi tí mo ti di arúgbó? Ìwọ ńkọ́?"

Ó kàn rẹ́rìn-ín ni. Ẹ̀rín yẹn gún Ìyá Gúnrégé bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n gbàgbé sínú aṣọ. Ẹni tí ọkọ ń dúró dè, kí ló fẹ́ bà á lẹ́rù? Bó tilẹ̀ pàdánù, èjìká wà tó máa sunkún lé. Ìyá Gúnrégé wá gba àdúrà kan tí kò ṣeé ṣe àmín sí: Ọlọ́run, jẹ́ kí ahọ́n ọmọ yìí lọ́.

Ilẹ̀kùn ṣí, wọ́n ní kí àwọn méjèèjì jọ wọlé. Obìnrin kan tó wọ gíláàsì ojú ló ṣáájú àwọn tó fẹ́ bi wọ́n ní ìbéèrè.

"Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ká aṣọ," obìnrin náà wí. "Ẹ jọ ká aṣọ ibùsùn yìí, kí ẹ sì máa dá wa lóhùn bí ẹ ṣe ń ká a."

Aṣọ ńlá ni, ẹnì kan ò lè dá a ká. Ìyá Gúnrégé di etí kan mú, Ẹlẹ́rìn-ín di ìkejì mú, wọ́n fà á le. Ìgbà náà ni Ìyá Gúnrégé mọ̀ ọ́n lára. Etí kejì ń gbọ̀n rìrì, ó ń gba inú aṣọ bọ̀ wá bá a lọ́wọ́. Ojú ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bí ewé. Irọ́ ni gbogbo ẹ̀rín yẹn láti àárọ̀!

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ó dùn mọ́ Ìyá Gúnrégé bí oyin. Bó bá fà á díẹ̀ báyìí, díẹ̀ péré, aṣọ yóò já bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà lójú gbogbo wọn. Ìka rẹ̀ ti ń múra.

Àmọ́ aṣọ tó bá kan ilẹ̀ ti di àtúnfọ̀. Ọwọ́ tó ti ń ká aṣọ láti ọdún mẹ́tàdínlógún ò mọ bí wọ́n ṣe ń mú un bọ́. Ó mí sínú, kò tilẹ̀ rántí ka mẹ́rin.

"Fà á," ó wí, bó ṣe máa ń wí nígbà tó ń kọ́ ọ níṣẹ́. "Ṣẹ́ ẹ po. Máa bọ̀."

Ẹlẹ́rìn-ín gbọ́ ohùn yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rìn wá fúnra rẹ̀. Wọ́n pàdé láàárín. Ọwọ́ ọmọ náà tutù bí yìnyín.

"Bí ẹ̀rù bá ń ba òṣìṣẹ́ yín ńkọ́?" onígíláàsì béèrè. "Kí lẹ máa ṣe?"

Ẹlẹ́rìn-ín yí ojú sí Ìyá Gúnrégé.

"Ohun tí mò ń ṣe lọ́wọ́ yìí náà ni," Ìyá Gúnrégé fèsì.

Òun ni wọ́n fún ní àga, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ yàrá lé e lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Nírọ̀lẹ́, ó bá wọn lẹ́nu géètì. Ẹlẹ́rìn-ín gbé orí lé èjìká ọkọ, ó ń sunkún. Ọkùnrin náà ti fi báàgì ìyàwó kọ́rùn, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Ìyá Gúnrégé dúró, ó di kọ́kọ́rọ́ mú. Ta ló kù nílé tí yóò fi í hàn?

Ẹlẹ́rìn-ín rí i, ó nu ojú. "Ọ̀gá wa, ẹ kú oríire. Ẹ sì ṣeun ti aṣọ yẹn."

"Aṣọ wo? Tètè dé lọ́la."

Ọkọ rẹ̀ na ọwọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n bá yín gbé báàgì yín."

"Fi sílẹ̀. Kò wúwo."

Ó kọjá lára wọn, kò wẹ̀yìn. Kó tó dé ìyànà, ó ti pààrọ̀ ọwọ́ tó fi gbé báàgì náà lẹ́ẹ̀mẹta.